Ẹni tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbé pàṣán

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ọ̀sẹ̀ là ń ka ìwé ìròyìn yín ládùúgbò wa ní Sábó, nílùú Ìkòròdú níbí, bí ẹnì kan bá ti rà á a máa ń yí i ká ni. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n gbé bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun mọ ọmọbìnrin kan tí àpá kún gbogbo apá ẹ̀, pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń ṣe é, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ rí, ó padà délé ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wá ní ohun tó kù ni kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n nà án dáadáa torí ó kàn fẹ́ kí wọ́n máa ṣaájò òun ni, tí kì í bá sì ṣe aájò a jẹ́ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni. Inú mi bàjẹ́ gan-an nígbà tí mo kà á tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ káàkiri náà ló sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbẹ̀mí èèyàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí, nọ́ọ̀sì ọpọlọ, iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mo pẹ́ sí jù, mo tún ṣe ti àwọn ọkùnrin náà. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dá pésẹ́ǹtì kankan mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i nínú kí ọwọ́ ẹ̀ tó gbé ohunkóhun, nǹkan yẹn ló yẹ ká wá rí, bí a ò bá wá a rí, a lè nà án títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní jáwọ́, á kàn kọ́ bó ṣe máa fi pa mọ́ fún wa ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ ẹ̀ fún. Á gbé ara ẹ̀ sánlẹ̀, á máa lu àyà, á máa fa irun orí ẹ̀ tu, ẹlòmíì tiẹ̀ máa fẹ́ forí sọ ògiri. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa máa sọ pé aájò ló ń wá? Ṣé a máa wá pàṣán? Kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin ilé á sáré yí i ká, wọ́n á dì í mú, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un, ẹnì kan á bu omi tútù sí i lójú, wọn ò sì ní jẹ́ kó dá sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ ti ju ohun tí ẹnu lè sọ, ló fi gba ara jáde. Ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù nìyẹn, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé ọ̀fọ̀ tó ṣẹ àwọn tiwa, ẹnikẹ́ni ò rí i, ẹlòmíì ò tiẹ̀ mọ orúkọ tó máa pè é, kò wá sẹ́ni tó máa tẹ́ ẹní.

Mo máa ń bi wọ́n. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ o. Màá kọ́kọ́ wẹ ojú ọgbẹ́ náà, màá dì í, màá fún un ní omi mu, tó bá wá di ìgbà tí ara ti balẹ̀ díẹ̀, bóyá lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, màá jókòó tì í, màá ní "Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú?" Mi ò ní bi í pé "kí ló dé tó o fi ṣe irú èyí", torí bí èèyàn bá gbọ́ ìyẹn bí ẹjọ́ ló ṣe máa rí létí ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ tàbí kó purọ́. Èsì tí mo gbọ́ jù ni pé "Mọ́mì, àyà mi fẹ́ bẹ́, ó dà bíi pé mi ò lè mí mọ́, ìgbà tí mo ṣe é tán ni ara mi tó wálẹ̀." Ọ̀dọ́, àgbà, olówó, mẹ̀kúnnù, ọ̀rọ̀ kan náà. Èmi nìkan kọ́ ni mo sì gbọ́ ọ o. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Matthew Nock àti Mitchell Prinstein, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ 108 tó wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ, wọ́n bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pa ara wọn lára, èsì tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé kí ohun tó ń dà wọ́n láàmú nínú lè dáwọ́ dúró, tàbí kí wọ́n ṣáà lè mọ nǹkan lára, ì báà jẹ́ ìrora. Àwọn tó ní torí kí èèyàn lè dá sí àwọn ni àwọn ṣe ṣe é kéré sí ìyẹn.

Bó ṣe ń mú ìtura wá ò ṣòroó yé. Ara wa ní oògùn ìrora tiẹ̀ tó ń pò fúnra ẹ̀, endorphin ni wọ́n ń pè é, bí ara bá ti fara pa ó máa ń tú u jáde, ohun tí wọ́n sì rò pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú pé ìrora ara máa ń gba ọkàn èèyàn kúrò lórí ohun tó ń rò, tí ìrora yẹn bá wá ń rọlẹ̀ ti ọkàn náà á bá a rọlẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ kì í pẹ́ rárá. Kó tó ṣú, ìtìjú á ti dé, á máa wo ara ẹ̀ bí ẹni tí ò wúlò, á máa ronú ohun tí ìyá ẹ̀ máa sọ tó bá rí i, ìrònú yẹn á tún di ẹrù tuntun sórí ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó mọ̀ ó ti tún ṣe é. Bó ṣe ń di bárakú nìyẹn. Ẹ wá fi ẹgba kún un, ṣé ẹ ò rí i pé ẹrù náà lẹ tún ń dì fún un?

Àwọn kan wà tí ti wọn kì í ṣe pé ọkàn ń gbóná, ó ti kú tipiri ni. Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ń gbọ́ ohùn yín bíi pé ẹ wà ní yàrá kejì, pé ọwọ́ àwọn ò jọ ọwọ́ àwọn mọ́, oúnjẹ ò ládùn ẹkún ò jáde. Irú wọn máa ń ṣe é kó lè dá wọn lójú pé àwọn ṣì wà láàyè. Mo rí èyí gan-an lára àwọn tí ohun burúkú ṣẹlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, torí ọmọdé tí wọ́n ń fìyà jẹ tí kò rí ibi sá sí, ohun tó máa ń kọ́ ni bó ṣe máa fi ara ẹ̀ sílẹ̀ kó jáde lọ nínú ọkàn, tó bá wá dàgbà tán, jíjáde yẹn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ìbátan wọn bá sùn tipátipá nínú ilé ni mo fẹ́ kí ẹ dúró gbọ́ dáadáa. Wọ́n pọ̀ ní wọ́ọ̀dù ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, pé wọn ò gbọdọ̀ ba orúkọ ìdílé jẹ́, ọkùnrin yẹn ṣì ń wá sílé lọ́dún iléyá tàbí Kérésì, wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Ìbínú tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn ò rí ọ̀nà lọ, ló bá padà sára ọmọ náà fúnra ẹ̀. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ara yìí ló kó bá mi, mo kórìíra ẹ̀." Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ ara ẹ̀ níyà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, ẹ wá ní kí wọ́n tún nà án kún un, ẹ ti fún un ní ẹ̀rí pé òótọ́ lòun jẹ̀bi nìyẹn.

Ti àwọn tó ń gbọ́ ohùn yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Nínú àìsàn ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, èèyàn lè máa gbọ́ ohùn tó ń pàṣẹ fún un pé kó ṣe ara ẹ̀ báyìí báyìí, ohùn yẹn dájú létí ẹ̀ bí ohùn èmi àti ẹ̀yin ṣe dájú, ẹlòmíì á tiẹ̀ sọ pé bóun ò bá ṣe é wọ́n á pa ìyá òun. Oògùn ni àkọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kíákíá sì ni, kò sí àrọwà tó máa pa ohùn yẹn lẹ́nu mọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan nínú yàrá rárá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ẹbí kì í mọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera míì náà kì í fura sí. Díẹ̀ nínú àwọn oògùn tí à ń lò fún àìsàn ọpọlọ, haloperidol wà lára wọn, ó lè mú kí ara èèyàn má lè dúró sójú kan rárá. Akathisia ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ máa rí i tí pésẹ́ǹtì ń rìn lọ rìn bọ̀, ó jókòó ó tún dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè sùn, ó ń sọ pé inú awọ ara òun gan-an ni nǹkan ti ń yọ òun lẹ́nu. Ìnira yẹn le débi pé ó lè mú èèyàn pa ara ẹ̀ lára kó ṣáà lè dáwọ́ dúró. Ilé á wá ní "wèrè ẹ̀ ti tún dé", wọ́n á fi kún oògùn, ohun tó ń dà á láàmú ni wọ́n sì ń fi kún yẹn. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yí oògùn padà tàbí tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ni àìbalẹ̀ ara yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n lè fi oògùn míì bíi propranolol kún un kí ara lè balẹ̀. Dókítà ló máa sọ o, ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́mísì, propranolol ò dáa fún ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), ẹ má sì dá oògùn dúró lójijì.

Àwa òṣìṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Wọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ lè fa nǹkan yìí. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ariwo, ẹnì kan ń ké ní bẹ́ẹ̀dì kejì, kò sí iṣẹ́ kò sí eré, fóònù ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ilé ò wá wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i jù, nígbà tí àwọn dókítà ti lọ, tí àwọn tó wá wo èèyàn ti padà, tí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò tó nǹkan, tí ẹni tí ẹbí ẹ̀ ò wá sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ tó ń wo géètì. Wọ́ọ̀dù tí a bá ti rí ẹnì kan tó máa bá wọn ta ayò tàbí di irun fún wọn láàárín aago mẹ́rin sí aago mẹ́jọ, mo rí ìyàtọ̀ níbẹ̀ lójú ara mi.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ aájò yìí torí òun ló ń bí mi nínú jù. Ẹ wo àwọn tó ń ṣe é, púpọ̀ nínú wọn ló ń fi pa mọ́. Oòrùn Ìkòròdú tó le tó báyìí, ọmọ máa wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n wọn aṣọ fún òun lọ́dọ̀ télọ̀, ṣé ẹni tó ń wá aájò nìyẹn? Àwọn díẹ̀ wà lóòótọ́ tó máa ń ṣe é níbi tí èèyàn ti lè rí i. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni wọ́n ti fẹnu sọ pé nǹkan ń ṣe àwọn kó tó di pé wọ́n ṣe é. Wọ́n ti sọ fún ìyá, ìyá ní kó gbàdúrà. Wọ́n ti sọ fún tíṣà, tíṣà ní kó gbájú mọ́ ìwé. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ jáde nìkan ni gbogbo ilé tó dìde. Ẹni tí ohùn ẹ̀ ò dé etí ẹnikẹ́ni ló ń fi ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, aájò yẹn sì tọ́ sí i, ó ti yẹ kó rí i gbà tipẹ́.

Ṣé ó fẹ́ kú ni? Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi mi nìyẹn, èsì ẹ̀ sì ní apá méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má mú ọ̀kan kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà rárá ni, kó lè la ọjọ́ yẹn já ló ṣe ṣe é, àwọn onímọ̀ náà ti gbà pé nǹkan ọ̀tọ̀ ni, ìwé ńlá tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń mọ àwọn àìsàn ọpọlọ, èyí tó jáde ní 2013, ya á sọ́tọ̀ sí ìgbìyànjú láti pa ara ẹni, wọ́n fi í sára ohun tó yẹ kí wọ́n túbọ̀ ṣèwádìí lé lórí. Ìyẹn apá kan. Apá kejì ni pé ẹni tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe wà nínú ewu pé ó lè pa ara ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ju ẹni tí kì í ṣe é lọ, torí náà kò sí èyí tó jẹ́ eré níbẹ̀. Ẹ bi í ní gbangba pé, "Ṣé ò ń rò ó pé kó o kú?" Bíbéèrè ò ní fi èrò yẹn sí i lọ́kàn, ọ̀pọ̀ wọn ni ara máa ń tù pé ẹnì kan lè dárúkọ ẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé irú àwọn ọmọ yìí ti bàjẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀. Marsha Linehan lorúkọ ẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni. Ní 1961, ọmọ ọdún 17 ni, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ kan ní ìlú Hartford, ó lé ní ọdún 2 tó lò níbẹ̀, ó ń pa ara ẹ̀ lára débi pé wọ́n tì í mọ́ yàrá òun nìkan, wọ́n kó gbogbo nǹkan kúrò níbẹ̀, ó wá ń forí sọ ògiri àti ilẹ̀ torí ohun tó kù fún un nìyẹn. Wọ́n sọ pé schizophrenia ló ń ṣe é, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n fi iná mànàmáná sí i lórí, kò yé e ṣe. Ọmọ yẹn ló dàgbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fásitì Washington ní Seattle, òun ló gbé ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Dialectical Behavior Therapy kalẹ̀, ìwádìí tó gbé jáde ní 1991 fi hàn pé àwọn obìnrin tí wọ́n fi tọ́jú dín ìpara-ẹni-lára kù ju àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2011 ló padà sílé ìwòsàn yẹn kan náà, ó dúró síwájú àwọn èèyàn, ó sọ fún gbogbo ayé pé òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Títì tí wọ́n tì í mọ́lé kọ́ ló wò ó sàn. Ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn ni bí wọ́n ṣe máa dúró nínú ìnira láì pa ara wọn lára: kí wọ́n bọ ojú sínú omi tútù, kí wọ́n rìn kánkán, kí wọ́n sún un síwájú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n sì tún sún un, kí wọ́n pe ẹnì kan, kí wọ́n dárúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ rántí àwọn obìnrin tí mo ní wọ́n ń bu omi tútù sójú ọlọ́fọ̀ yẹn, àwọn ìyá wa ti ń ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀ tipẹ́.

Ní tòótọ́, ìyà tí àwọn èèyàn yìí ń jẹ lọ́wọ́ wa kọjá pàṣán. Mo wà níbì kan rí tí nọ́ọ̀sì ń rán ojú ọgbẹ́ ọmọ kan láì fún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ó ní "ṣebí ìrora lo fẹ́". Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà tó jẹ́ pé ìwé ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ bàbá tó gbé ọmọ ẹ̀ dé lóru, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, bàbá ń lọ ń bọ̀. Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá yìí wà nílẹ̀ lóòótọ́ torí òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ ọ́ ní apá 327 pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1. Àmọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó tiwa níbí, òfin ìwà ọ̀daràn ti 2011 ti yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní ilé ìwòsàn ni kóòtù máa pàṣẹ pé kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìkòròdú ò mọ̀, wọ́n ń fi ọgbẹ́ pa mọ́ sílé títí ó fi ń kẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tí à ń lò títí dìgbà yẹn, àtijọ́ àwọn òyìnbó ni, 1916 ló ti bẹ̀rẹ̀, wèrè ló sì ń pe gbogbo aláìsàn ọpọlọ. Òfin tuntun ti dé, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aláìsàn, ó kù kí ó dé inú ilé.

Torí dídè ṣì ń lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Human Rights Watch, gbé ìròyìn jáde pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ni wọ́n ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ti ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́dọ̀ àwọn áàfáà. Mi ò bá àdúrà jà o, èmi náà ń gbàdúrà, pásítọ̀ tàbí áàfáà tó bá jókòó ti ọmọ tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnu ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹni tí ìjìyà ìgbà èwe ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti dì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹlòmíì rí, ẹ wá fi irin dè é, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ dá a padà sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣà wa nìyẹn, torí ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ ni, ní 1954 ó dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n ń bá wọn jẹun, wọ́n ń bá wọn lọ sóko, ẹbí kan á tẹ̀ lé aláìsàn wá, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Gbogbo àgbáyé wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí aláìsàn dá wà.

Nílé, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ọgbẹ́, ẹ má pariwo, ẹ má pe àwọn ará àdúgbò wá wò ó. Ẹ má jẹ́ kó búra pé òun ò ní ṣe é mọ́, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó fi Bíbélì búra, tó fi Kùránì búra, ìbúra yẹn ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ọjọ́ tó bá tún ṣe é ó di ẹlẹ́ṣẹ̀ sí Ọlọ́run pẹ̀lú, kò sì ní sọ fún yín mọ́. Ẹ ní kó ṣèlérí pé òun máa pè yín kí òun tó ṣe é, tó bá sì pè, ì báà ṣe aago méjì òru, ẹ dìde. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wọ́ọ̀dù dé, ẹ ṣọ́ ọ gan-an, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló léwu jù, ìgbà tí gbogbo ilé rò pé ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn náà wà níbẹ̀. Láti Ìkòròdú dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, èèyàn máa la Mile 12 kọjá, Ketu, Ojota, Maryland títí dé Jibowu, ẹni tó bá mọ gó-síló Mile 12 láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ wá fi ọmọ tí ara ẹ̀ ò balẹ̀ jókòó sínú dáńfó tàbí BRT. Ọ̀pọ̀ ìyá ló pa kílíníìkì tì torí ìyẹn àti owó mọ́tò. Ohun tí mò ń bẹ ìjọba Èkó fún ni nọ́ọ̀sì ọpọlọ, ẹyọ kan péré, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ wa, ní Ìkòròdú, ní Ìjẹ̀dè, ní Ìmọ̀tà, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tiẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì bíi tèmi tó ti fẹ̀yìn tì ṣì wà nílẹ̀ tí ara wọn ṣì le, kí wọ́n pè wá.

Ẹ̀yin náà, Ọ̀gá Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Tí irú ìròyìn yìí bá tún dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ fọ́tò ọgbẹ́, ẹ má kọ ohun tó lò àti bó ṣe lò ó, ọmọ míì tó wà nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀ máa kà á. Ẹ fi àyè yẹn kọ ibi tí wọ́n ti lè rí dókítà ọpọlọ sí i: Yaba, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, Arò fún àwọn tó bá sún mọ́ Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ irú ẹ̀, lẹ́tà ńlá, kí ìyá tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé lè rí i kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Sábó, Ìkòròdú.